Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Yẹn Dúró sí Texas: Ìdáhùn sí Ọlọ́dẹ Kan ní Kubwa

Ìbéèrè náà nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Kubwa ni mò ń gbé. Mo ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì, oníkátíríìjì, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ ṣọdẹ àparò àti ọ̀yà lápá Abaji. Ohun tó ń dùn mí ni pé kátíríìjì ti wọ́n gógó, ó sì ṣòro láti rí. Àbúrò mi kan tó wà ní Texas ń ṣe ọta fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì, ẹ̀rọ tó ń lò ni wọ́n ń pè ní turret press. Ó ní òun lè tú u, kí òun dì í mọ́ ẹrù tí òun fẹ́ kó ránṣẹ́ sílé ní Kérésì. Ṣé ẹ̀rọ yìí á wúlò fún mi? Èèpo ọta tí mo ti yìn kún àpò méjì nílé, mi ò da ọ̀kan nù. Bí ẹ̀tù òyìnbó bá sì ṣòro láti rí, ṣé ẹ̀tù tí àwọn ọlọ́dẹ oníṣakabùlà ń lò kò lè dípò rẹ̀?"

Arákùnrin wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹrù náà tó gbéra. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ sọ fún àbúrò yín kó má ṣe fi ẹ̀rọ yẹn ránṣẹ́, kódà kó má fi ẹyọ irin kan lára rẹ̀ sínú ẹrù. Mi ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà yín. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìbọn àti ọta ni mo ṣe nínú iṣẹ́ ológun ní Kaduna títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó ní ìbọn gidi lọ́wọ́ tí kò rí ọta fi sí i. Ìdààmú yín yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ̀rọ yẹn lè ṣe, irú ẹ̀tù tó yẹ kó wà nínú kátíríìjì, àti ohun tí òfin ilẹ̀ wa fàyè gbà ti lọ́ mọ́ra wọn nínú ìbéèrè yín. Bí a kò bá tú wọn sọ́tọ̀, ẹ lè rò pé owó ẹrù nìkan ló kù kí ẹ máa ṣe ọta nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀rọ dáadáa ni, mi ò ní bú u. Ọta ráífù àti ti ìbọn ìléwọ́ ní ohun mẹ́rin nínú: èèpo tí wọ́n fi idẹ ṣe, kápù kékeré ní ìdí rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gbá tó fi ta iná, ẹ̀tù, àti orí ọta tó ń fò jáde. Bí wọ́n bá yìn ín, kápù jó, ẹ̀tù jó, orí ọta lọ, èèpo idẹ ló ṣẹ́kù. Idẹ yìí, tí bàbà kó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ tí síńkì sì kó ìyókù, máa ń wú nígbà tí ẹ̀tù bá ń jó. Á fẹ̀ títí á fi lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá ìbọn, lẹ́yìn náà á sún kì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní padà sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń tún ọta ṣe ni láti tẹ èèpo náà padà sí ìwọ̀n, kó ti kápù tó ti jó jáde, kó fi tuntun sí i, kó la ẹnu èèpo díẹ̀, kó da ẹ̀tù tí a ti wọ̀n sínú rẹ̀, kó ti orí ọta wọ ibi tó yẹ, kó sì fún ẹnu èèpo mọ́ ọn. Irin tó ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní dáì.

Nínú ẹ̀rọ tó rọrùn jù lọ, dáì kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ní ọgọ́rùn-ún èèpo á kọ́kọ́ tẹ gbogbo wọn, á tú dáì yẹn, á de òmíràn, á tún padà bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Turret press ló gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà yẹn. Orí rẹ̀ rí róbótó, ó ní ihò mẹ́rin bíi ti Lee Classic Turret, tàbí méje bíi ti Redding T-7, dáì kọ̀ọ̀kan sì ti wà lójú ihò tirẹ̀, a ti dè é, a ti wọ̀n ọ́n. Orí yẹn ló ń yí. Èèpo dúró sójú kan lábẹ́ rẹ̀. Lórí oníhò mẹ́rin, ẹ fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, ó tẹ èèpo. Orí yí, ẹ tún fà á, ẹ̀tù wọ inú rẹ̀. Orí yí, ẹ fà á, orí ọta wọlé. Orí yí, ẹ fà á, ẹnu rẹ̀ fún. Ìfà mẹ́rin, ọta kan. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú ọta mìíràn, wọ́n á yọ gbogbo orí náà pẹ̀lú àwọn dáì rẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn lé e, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó yára ju èyí lọ wà, tó jẹ́ pé ìfà kan ń mú ọta kan jáde, ṣùgbọ́n òun le láti tò, bó sì ṣe ń yára ṣe ọta náà ló ń yára ṣe àṣìṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yìn níwọ̀ntúnwọ̀nsì ní Amẹ́ríkà fi fẹ́ràn turret.

Ohun kan wà tí turret press kì í ṣe, tí àwọn fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sì í sọ. Kì í wo inú èèpo. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀tù ti wọlé, kò mọ̀ bóyá ó ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀tù tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ọta ìbọn ìléwọ́ kéré débi pé bí a bá da ìlọ́po méjì rẹ̀ sínú èèpo, kò ní kún dé ẹnu, ojú kò sì ní tètè rí i. Bí ẹni tó ń fa ẹ̀rọ bá dáwọ́ dúró láàárín láti gbé fóònù, tàbí tí ọmọ pè é, tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ yí orí ẹ̀rọ sẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ni ìlọ́po méjì ti ń wọlé. Bí ẹ̀tù kò bá sì wọlé rárá, kápù nìkan á ti orí ọta dé àárín ọ̀pá ìbọn, á há síbẹ̀. Ọta tó bá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ló ń fa ọ̀pá ya. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa máa ń so iná kékeré mọ́ ẹ̀rọ wọn, wọ́n á sì bojú wo inú èèpo kọ̀ọ̀kan kí orí ọta tó bò ó. Òṣùwọ̀n wọn kì í sí níbi tí fáànù tàbí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, torí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ẹ̀tù, 7,000 rẹ̀ ló sì wà nínú páùn kan ṣoṣo. Bí fáànù bá fẹ́ ìdajì grain sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́.

Gbogbo èyí tí mo sọ, arákùnrin wa, ọta èèpo idẹ ni. Ìbọn yín kì í lo irú rẹ̀. Kátíríìjì ìbọn ẹlẹ́nu méjì yín, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ 12 gauge bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ nílẹ̀ wa (gauge ni wọ́n fi ń sọ bí ihò ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó), èèpo ike ló ní, pẹ̀lú idẹ tàbí irin pẹlẹbẹ ní ìdí. Kápù ńlá wà ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù lé e, ike kan tó dà bí ife kékeré lé ẹ̀tù, òjé wẹ́wẹ́ wà nínú ife yẹn, wọ́n wá ká ẹnu èèpo pọ̀ ní ìṣẹ́po mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ àbúrò yín ló ń ṣe èyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń tún kátíríìjì òjé wẹ́wẹ́ ṣe máa ń ra ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n dìídì ṣe fún un, irú èyí tí ilé iṣẹ́ MEC ń tà. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní kò sí òfin kankan, ká ní ẹrù náà sì dé láyọ̀, ẹ̀rọ yẹn á kàn jókòó sórí tábìlì yín ni.

Ó kan àpò èèpo méjì yẹn. Ẹ mú èèpo méjì tí orúkọ ilé iṣẹ́ ara wọn yàtọ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ là wọ́n ní gígùn. Ẹ ó rí i pé ìsàlẹ̀ inú wọn kò dọ́gba: ti ọ̀kan ga, ti èkejì lọ sílẹ̀, ike ti ọ̀kan nípọn ju ti èkejì lọ. Àyè tí ẹ̀tù àti òjé máa gbà yàtọ̀ nínú méjèèjì, bí àyè bá sì dínkù, agbára tí ẹ̀tù ń tì jáde ń pọ̀ sí i. Ìwé àwọn tó ń tún kátíríìjì ṣe kì í kàn sọ pé kí ẹ da ẹ̀tù báyìí sí 12 gauge. Irú èèpo, irú kápù, irú ẹ̀tù, irú ike àárín àti ìwọ̀n òjé ni wọ́n ń kọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ bá sì pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ìlànà yẹn kì í ṣe tiyín mọ́. Gbèdéke tí wọ́n fi lé agbára kátíríìjì 12 gauge tó gùn ní mìlímítà 70 ní Amẹ́ríkà jẹ́ 11,500 psi, ìwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà. Táyà ọkọ̀ yín kì í ju bíi 32 lọ. Agbára tó ju ti táyà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 300 ló lè bẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn náà, ìka mélòó kan péré sí ojú yín, nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń rò ó. Ẹ̀tù dúdú tí oníṣakabùlà ń lò, èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní saltpetre ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù tó wà nínú kátíríìjì yàtọ̀ sí i láti ìpìlẹ̀. Paul Vieille, ará Faransé, ló ṣe irú rẹ̀ tó kọ́kọ́ wúlò fún ìbọn ológun ní 1884, láti ara òwú tí wọ́n ti fi ásíìdì pa lára dà. Èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, agbára inú ẹ̀kúnwọ́ kan rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Ọlọ́dẹ oníṣakabùlà lè fi ojú tàbí àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹ̀tù dúdú, kó sì ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ́ baba rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ojú wọn ẹ̀tù aláìléèéfín. Mo ti rí ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n tú ẹ̀tù kátíríìjì sínú rẹ̀, tí wọ́n ki í bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀tù dúdú. Ọ̀pá rẹ̀ là bí ìgbà tí wọ́n la oparun, láti ìdí dé ìdajì. Ọwọ́ òsì ọkùnrin tó yìn ín kò pé mọ́.

Ohun tí ẹ̀yin ń béèrè ni òdìkejì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tù dúdú nínú kátíríìjì. Òótọ́ ni pé láyé àtijọ́ kátíríìjì máa ń gba ẹ̀tù dúdú. Ṣùgbọ́n ti ilé iṣẹ́ ni, tí wọ́n sẹ́ tí hóró rẹ̀ sì dọ́gba. Èyí tí ẹ ó rà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi gún un. Ti òní á le, ti ọ̀la á rọ̀. Ibi tí hóró rẹ̀ bá kúnná jù, á yára jó jù. Ó máa ń gbiná bí iná díẹ̀ bá kàn ta sí i, ẹni tó bá kó o sínú ilé tí wọ́n ti ń dáná ti fi ilé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bó bá sì jó tán, ó ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀ tó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ kò bá fi omi gbígbóná fọ ọ̀pá ìbọn lọ́jọ́ náà, ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pàápàá nígbà òjò. Mi ò rí ibi tó ti ṣe ìbọn yín ní rere.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí òfin, torí òun ló pa gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù tì. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta, kó tò ó pọ̀, tàbí kó tún un ṣe, àfi ní ilé ohun ìjà ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ológun. Láísẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ yín fún yín láṣẹ láti ní ìbọn yẹn àti ọta tó bá a mu. Kò fún yín láṣẹ láti ṣe ọta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀, tí wọ́n rò pé ẹni tó bá ti lè ra nǹkan lè ṣe é. Ní Texas, ẹni tó ń tún ọta ṣe fún ìlò ara rẹ̀ kò nílò láísẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀, ìgbà tó bá fẹ́ máa tà á ni. Àbúrò yín kò rú òfin kankan níbẹ̀. Ohun kan náà, nínú yàrá yín ní Kubwa, ẹ̀wọ̀n ni, kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀. Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ tún wà lábẹ́ òfin ohun tó ń bú gbàmù, ti 1964. Kò sì sí bí ẹ ṣe lè pe kápù àti ẹ̀tù ní ẹrù Kérésì tí kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà.

Mi ò kí ń ṣe lọ́yà, bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lórí ẹyọ irin kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ bá ẹni tó mọ òfin. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni bí nǹkan ṣe ń rí lójú títì. Apá àríwá níbí, a ti sin èèyàn púpọ̀ jù nítorí ọta. ECOWAS ti tọwọ́ bọ àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké láti 2006, ìjọba àpapọ̀ sì ti dá àjọ tó ń mójú tó o sílẹ̀ ní Abuja ní 2021. Kò sí sójà kan ní Zuba tàbí lójú ọ̀nà Kaduna tó máa ṣí búùtù ọkọ̀ yín, tó máa bá páálí kápù, ìgò ẹ̀tù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ ọta níbẹ̀, tó máa gbọ́ pé àparò lẹ fẹ́ fi pa. Ibi tí ẹ bá ti ń ṣàlàyé ni wọ́n á ti gba ìbọn tó ní láísẹ́ǹsì náà lọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá ti gbé ní Kaduna láwọn ọdún tó kọjá yìí mọ ìdí rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń ṣe ọta nílé kì í fẹ́ gbọ́, òun ni òjé. Ìyẹ̀fun òjé máa ń wà nínú eérú kápù tó ti jó, lára òjé wẹ́wẹ́, lórí tábìlì, lára aṣọ. Ọmọ kékeré tó ń rá lórí ilẹ̀ á fi ọwọ́ nù ún, á fi í sẹ́nu. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní àwọn abúlé Anka àti Bukkuyum, àwọn èèyàn ń fọ́ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín agbo ilé. Ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti ọta, ìwọ̀n òjé náà sì pọ̀ gan-an ju èyí tí ọlọ́dẹ kan lè kó jọ, mi ò fẹ́ sọ pé bákan náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tó pa wọ́n náà ni, ìyẹ̀fun òjé nínú ilé tí ọmọ ń gbé, ara ọmọdé sì ń gba òjé ju ti àgbà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yìn lásán, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun nínú oko, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ.

Mo mọ̀ pé owó ló bí ìbéèrè yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ owó bó ṣe rí. Títún ọta ṣe ń dín owó kù lóòótọ́ fún ẹni tó ń yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún lóṣù, níbi tí kápù, ẹ̀tù àti òjé ti wà lórí igbá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́dẹ tó ń yìn ìwọ̀nba lọ́jọ́ Sátidé, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, kò ní rí èrè ẹ̀rọ náà láéláé, kódà ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn sọ fún mi pé owó tí àwọn rò pé àwọn máa fi pamọ́, ọta púpọ̀ sí i làwọn fi ń yìn. Ohun tí wọ́n ń rí gbà gan-an ni pé wọ́n lè ṣe ọta tó bá ìbọn kan pàtó mu, tí yóò máa lọ síbi kan náà nígbà gbogbo. Àǹfààní ráífù nìyẹn. Òjé wẹ́wẹ́ tó ń tàn ká kò nílò rẹ̀.

Ibi tí owó yín ti ń jò, ẹ lè dí i láìsí ẹ̀rọ. Èkíní ni ọ̀nà jíjìn. Òjé wẹ́wẹ́ láti inú 12 gauge máa ń tàn ká bó ṣe ń lọ, tó bá ti kọjá bíi mítà 35 sí 40, àlàfo á ti wà láàárín wọn tó tó kí àparò gba àárín rẹ̀ kọjá, agbára wọn á sì ti rẹlẹ̀. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ lọ, mo sì lè sọ fún yín pé ìdajì kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní "kò dára," ìbọn ni kò sún mọ́ ẹran tó bó ṣe yẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín wọn mítà 30 ní ọ̀nà ilé yín, kí ojú yín mọ bó ṣe rí, kí ẹ má sì yìn ohun tó kọjá rẹ̀. Ẹran tí ẹ bá ṣá lọ́gbẹ́ tó sá lọ, ẹ ti pàdánù rẹ̀, ẹ sì ti pàdánù kátíríìjì.

Èkejì ni ìtọ́jú. Kátíríìjì ilé iṣẹ́ tó bá wà níbi tó tutù tó sì gbẹ lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Ohun tó ń pa á ni búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn oṣù Kẹta ní Abuja, àti ọ̀rinrin oṣù Kẹjọ. Ẹ fi sílẹ̀ nínú páálí tó bá wá, ẹ fi páálí sínú agolo onídèérí líle, kí ẹ tì í mọ́ àárín kọ́bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ sí ìbọn, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Ẹ má ṣe fi òróró pa á, torí òróró lè yọ́ wọ inú kápù kó sì pa iná rẹ̀. Bí idẹ ìdí rẹ̀ bá ti yọ àwọ̀ ewé, tàbí tí ike rẹ̀ bá ti wú, ẹ má yìn ín, ẹ má sì sá a sóòrùn. Bí ẹ bá fa ìbọn tí kò dún, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wà níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán kí ẹ tó ṣí i, torí iná lè ṣì máa rìn nínú rẹ̀. Bó bá sì dún lọ́nà tí kò lágbára bó ṣe máa ń ṣe, ẹ yọ ọta méjèèjì, kí ẹ wo inú ọ̀pá láti ìdí dé ẹnu kí ẹ tó ki òmíràn. Ike àárín lè ti há síbẹ̀.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí kátíríìjì 20 gauge dé inú àpò tí 12 gauge wà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, yóò wọ inú ọ̀pá, yóò yọ́ lọ há síwájú. Ìbọn á dà bí ẹni pé kò ní ọta nínú. Ẹni tó bá wá ki 12 sẹ́yìn rẹ̀, tó sì yìn ín, ọ̀pá á fà ya níbi tí ọwọ́ tó fi dì í mú wà gan-an. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń kun èèpo 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Bí ẹ bá bá ọ̀rẹ́ yín lọ sóko tí ìbọn tirẹ̀ jẹ́ 20, kí olúkúlùkù di ọta tirẹ̀ sí àpò tirẹ̀.

Àpò èèpo méjì yẹn, ẹ má ṣe gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dà á sórí ààtàn bó ṣe wà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣa èèpo láti tún un kì níkọ̀kọ̀, a kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń tà á fún. Ẹ jókòó lọ́jọ́ kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ la ara ike kọ̀ọ̀kan títí dé ìdí, kí ẹ tó kó o dà nù.

Kí ẹ tó ra páálí tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ láti tà á, ẹ gbé láísẹ́ǹsì yín dání, kí ẹ sì ti yẹ ìbọn yín wò. Ẹ tú igi iwájú rẹ̀ kúrò, ẹ wo abẹ́ ọ̀pá méjèèjì nítòsí ìdí. Ẹ ó rí àmì àti nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí 70 tàbí 2¾, kátíríìjì tó wọ́pọ̀ báyìí bá a mu. Bí ẹ bá rí 65 tàbí 2½, ìbọn àtijọ́ ni, àyè ìdí rẹ̀ kúrú. Kátíríìjì 70 máa wọlé síbẹ̀ ní ti tòótọ́, nítorí ẹnu rẹ̀ ṣì ká. Nígbà tí ẹnu náà bá ń ṣí lásìkò ìyìn ni kò ní rí àyè, agbára á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ní àpẹẹrẹ tó ń lọ́ bí omi lára irin, ẹ má yìn ín mọ́ títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi wò ó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ nọ́mbà tí ẹ bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, má a sọ irú páálí tó yẹ kí ẹ béèrè fún.